Ẹranko, Ewé àti Èèwọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ọdún 1969, Ekpo Eyo, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà nígbà náà, wú ilẹ̀ ní Láfogído ní Ilé-Ifẹ̀. Àpáàdì ni àwọn ará àtijọ́ fi tẹ́ ibi tó wú kàn, wọ́n tẹ́ ẹ ní onígun mẹ́rin, wọ́n sì to ìkòkò yí i ká. Orí ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sun nínú iná, ló dé àwọn ìkòkò náà lẹ́nu. Orí erin kan wà nínú wọn. Ẹni tó mọ ọ́n kò fi í sílẹ̀ lásán bí ẹran tí ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé: ó to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lórí bí wọ́n ṣe ń to ti ọba. Àwọn onímọ̀ rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n sin Ọ̀ọ̀ni Láfogído sí.

Ní ojúbọ Ọ̀sángangan Ọbamákin pẹ̀lú, wọ́n rí orí àgbò alámọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́nà kan náà. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí ọwọ́ tó mọ àwọn orí wọ̀nyí ti di erùpẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan hàn gbangba lára iṣẹ́ náà. Ẹni tó ṣe é ti wo ẹranko dáadáa, ó ti bọ̀wọ̀ fún un, ó sì gbà pé ipò wà fún un nínú ìlú. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọgbà ẹranko àti ọgbà ewéko ní Ifẹ̀, kí á má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àgò irin àti pátákó tí wọ́n kọ orúkọ igi sí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkè-Ogbo ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀. Ẹni tó bá gbéra níbẹ̀, tó ń wá ilẹ̀ tí ẹranko àti igi jọ ń gbé lábẹ́ ìtọ́jú ènìyàn, lè kọrí sí ọgbà yunifásítì tààrà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ. Èmi a máa gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ ya Ẹnuwá. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀ lórí ilẹ̀ ààfin, láti ayé Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ láti 1930 títí di 1980. Orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 ló sọ Ifẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú àlejò a sì máa lẹ̀ mọ́ orí ọba. Ẹ jẹ́ kí ojú yín ṣí kúrò lára ọba díẹ̀, kí ẹ wá ẹranko. Ẹni tó bá ti rí i tán ni yóò mọ irú ilẹ̀ tí yunifásítì lọ dá ọgbà sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí ènìyàn gbọ́ ìtàn Igbó Orè. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ọdẹ ni Orè, pé ó ti wà níbẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Nínú igbó rẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn ère òkúta. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Ìdènà, ọkùnrin tó dúró gbọnin, tó kó ọwọ́ síwájú, tí wọ́n gún ìṣó irin mọ́ lórí láti fi ṣe irun. Ìtàn ní òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún Orè. Wọ́n tún fi òkúta gbẹ́ ẹja àrọ̀ sínú igbó yìí. Ọdẹ, ẹja, igi ńláńlá, àti ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ: mi ò mọ ohun mìíràn tí ọgbà ẹranko àti ewéko tún nílò.

Ohun tó mú irú igbó bẹ́ẹ̀ dúró ni èèwọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbé àdá wọ igbó òrìṣà láì gbàṣẹ lọ́wọ́ àwòrò. Ọdẹ tó lé ẹran títí tí ẹran náà fi sá wọbẹ̀, yóò dá ẹsẹ̀ dúró ni. A kì í ṣá igi ibẹ̀ dáná, a kì í bẹ ewé ibẹ̀ láì wí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Nígbà tí kòkó dé, tí gbogbo ilẹ̀ tó yí Ifẹ̀ ká di oko, àwọn igbó tí wọ́n fi òrìṣà ṣọ́ ló kù tí igi àtijọ́ ṣì wà nínú wọn. Ẹ̀sìn yòówù kí òǹkàwé máa ṣe, kí ó gbà pé òfin náà ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ òfin ìjọba tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ, nítorí pé ẹni tó ń mú un ṣẹ ń gbé ìtòsí igbó náà, ará ìlú sì mọ̀ ọ́n lójú.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ. Ilẹ̀ hẹ́kítà 75 ni. Ìjọba Nàìjíríà sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí àwọn ará Òṣogbo sọ ní Àdùnní, àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú náà ló fi ère àti ògiri tún ojúbọ ibẹ̀ ṣe nígbà tí àwọn agégi àti àwọn tó ń wá ilẹ̀ oko ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ létí. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í sá fún ènìyàn. Wọn kò sí nínú àgò, wọn kò sì lọ. Omi Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló ń dun àwọn tó fẹ́ràn ibẹ̀ lónìí, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò ti sọ omi náà di pípọ́n bí ẹrẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká lọ sí yunifásítì.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961. Akẹ́kọ̀ọ́ 244 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962, nígbà tó sì di oṣù Ṣẹẹrẹ 1967 ni wọ́n kó dé Ifẹ̀ gan-an. Ní 1987 ni wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é. Ilẹ̀ tí wọ́n fún un tó éékà 13,000, apá kan péré nínú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́lé sí. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ṣètò àwọn ilé náà. Ó wo oòrùn wa, ó wo òjò wa, ó wá kọ́ àwọn ilé kan tó fẹjú lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, kí àjà òkè lè ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn sì lè gba àárín wọn kọjá. Gíwá Hezekiah Oluwasanmi, tó wà nípò láti 1966 sí 1975, kò fi igi àti koríko ṣe ohun àfikún. Láti ẹnu géètì títí dé ẹsẹ̀ òkè, ọgbà ni gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó bá rìn ín lẹ́yìn òjò, nígbà tí àpáta dúdú ń dán lókè tí igi sì ń kán omi, yóò mọ ìdí tí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kì í fi dákẹ́ lórí ẹwà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ni mo fẹ́ kí àlejò bá lọ. Igi ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

Ẹ mú orin ata. Pákò ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí, èyí tó máa ń ta ènìyàn lẹ́nu díẹ̀. Ní 1971, Abayomi Sofowora, onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú Isaacs, oníṣègùn ẹ̀jẹ̀, tẹ ìwádìí jáde pé omi tí wọ́n fún láti ara gbòǹgbò orin ata lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti ká kò padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Àìsàn tí wọ́n ń wá ojútùú sí ni èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tó ń já ọmọ gbà mọ́ àwọn ìyá Yorùbá lọ́wọ́ láti ìran dé ìran. Ìwádìí ti pọ̀ lórí orin ata láti ìgbà náà, ní Ifẹ̀ àti níbòmíràn. Gbòǹgbò tí ìyá àgbà ń rún lẹ́nu láàárọ̀ ló dé yàrá ìwádìí, kò sì ní dé ibẹ̀ bí ẹni kankan kò bá fi igi rẹ̀ sílẹ̀ láàyè nítòsí.

Tàbí kí á wo ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ewé náà ni gbogbo wa mọ̀. Èso rẹ̀ pupa, ìdí igi ló ń so sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ojú kì í tètè dé. Adùn wà nínú ohun tó bo hóró rẹ̀, adùn tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju ti ṣúgà lọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thaumatin. Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ti ń fi í sínú oúnjẹ àti oògùn. Ní 1979, onímọ̀ mẹ́ta, Onwueme, Onochie àti Sofowora, kọ̀wé lórí bí a ṣe lè máa gbin ewé yìí dípò ká máa já a nínú igbó títí yóò fi tán. Ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́bàá ọ̀nà ní Ifẹ̀ lónìí ló yẹ kí ọgbà ewéko yìí kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún.

Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúnmbí, náà ṣiṣẹ́ ní yunifásítì yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo ló ti gba ohun tó mọ̀ nípa ewé àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i. Ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé jáde ní 1995, ọ̀pọ̀ ìlànà egbòogi Yorùbá ló sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan.

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àdán ló kàn. Ẹ̀yà àdán ńlá tí irun rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni, òun ni wọ́n ń pè ní Eidolon helvum, agbo rẹ̀ ní ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ sì ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ẹranko mọ̀ dáadáa. Ní ọ̀sán wọn a dorí kodò sórí igi, ariwo wọn kò sì ṣeé fojú fò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a tú jáde lọ wá èso jẹ. Àwọn kan kórìíra wọn nítorí òórùn àti ìgbẹ́ wọn lórí ọkọ̀, àwọn mìíràn a máa yìnbọn fún wọn nítorí ẹran. Èmi dúró síhà ọ̀dọ̀ àdán. Èso ìrókò jẹ́ oúnjẹ wọn, ibi tí wọ́n bá sì fò dé ni wọ́n ń da hóró rẹ̀ sí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ghana fi hàn pé irú àdán yìí lè gbé hóró lọ tó kìlómítà 75. Ìrókò tí a fi ń ṣe ilẹ̀kùn, tí a ń bẹ̀rù rẹ̀ lóru, tí a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé tán, àwọn wọ̀nyí ló ń bá wa gbìn ín láì gba owó. Kò sí àgò kankan níbí pẹ̀lú. Ọgbà ẹranko tó dára jù lọ ní Ifẹ̀ ni èyí, òfúrufú ló wà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àdán ni àwọn ọmọdé máa ń bèèrè. Kìnnìún ni.

Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọgbà ẹranko, ó sì ní kìnnìún. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n bí àwọn kìnnìún kan sí, ọkùnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ ìtọ́jú ẹranko sì ń tọ́jú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ, fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ 19 oṣù Èrèlé ọdún 2024, nígbà tó ń fún wọn lóúnjẹ, ọ̀kan nínú wọn kọlù ú, ó sì pa á. Wọ́n pa kìnnìún náà. Aláṣẹ yunifásítì ti ọgbà ẹranko pa. Gbogbo Nàìjíríà gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn kan lọ́jọ́ náà ni pé ẹranko kì í mọ olóore. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́, kò sì ṣe ẹni tó lọ lóore. Kìnnìún kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ìwà tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ọn ló hù. Bó ti wù kí ènìyàn ti fi ọwọ́ fún un lómi mu tó nígbà tó kéré, ọjọ́ tó bá dàgbà tó wà lẹ́bàá ẹran tútù pẹ̀lú abo rẹ̀, kìnnìún ni. Ọkùnrin náà mọ èyí ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ ó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìgbádùn ni fún àwọn ọmọ iléèwé tó ń wá wòran, òun ló sì ń ru ewu rẹ̀.

Ní àwọn ọgbà ẹranko tó ń ṣe é bó ṣe yẹ káàkiri ayé, ohun tí wọ́n ń ṣe rèé. Ilé kìnnìún máa ń ní yàrá méjì ó kéré tán, ilẹ̀kùn tó wà láàárín wọn sì jẹ́ èyí tí ènìyàn ń fi okùn irin ṣí láti ìta. Wọn a gbé oúnjẹ sí yàrá kejì, kìnnìún a wọ ibẹ̀ lọ, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a fi àgádágodo há a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka iye kìnnìún tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sókè, ẹnìkejì á tún un kà, á fi ọwọ́ fa àgádágodo wò. Ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó lè wọ yàrá àkọ́kọ́ láti gbá a. Ẹnu ọ̀nà àbájáde pẹ̀lú jẹ́ méjì, kí ọ̀kan má ṣe ṣí nígbà tí èkejì bá ṣí sílẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo kì í dá a ṣe. Òfin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tàbí ọlọ́gbọ́n, nítorí ọjọ́ tó bá rẹ ènìyàn, ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn nílé, ni wọ́n ṣe ṣe é. Irin àti okùn ni ó gbà, àti owó oṣù ẹnìkejì.

Àwọn tó dá Igbó Orè sílẹ̀ ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè fi òkúta gbẹ́, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣe lọ́lá jù lọ, wọ́n fún un ní irun irin. Àwa tá a dé lẹ́yìn wọn ni a rò pé ẹranko ni ọgbà, pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ju òṣìṣẹ́ kan lọ.

Ìbàdàn ti kọ́ wa ní èyí náà lọ́nà tirẹ̀. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 bí ibi kékeré tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ń kó ẹran sí, ó wá di ọgbà ẹranko gan-an ní 1974. Ìran àwọn tí wọ́n dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1960 sí 1980 kò gbàgbé Aruna àti Imade, àwọn gòríllà méjì ibẹ̀. Ẹni tí kò wá sí Ìbàdàn rí mọ orúkọ wọn. Bob Golding, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí ọgbà náà láti 1963 títí di 1979, iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn olùtọ́jú tó bá a ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ di ibi tí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé kì í tán níwájú rẹ̀. Nígbà náà, ẹnìkan wà tí àwọn ẹranko mọ ohùn rẹ̀, tí ó sì ní àṣẹ àti owó lọ́wọ́.

Ní Agodi, ní Ìbàdàn kan náà, wọ́n dá ọgbà ẹranko àti ewéko sílẹ̀ ní 1967, lórí nǹkan bí éékà 150. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980, èyí tó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ ní Ìbàdàn, ba ibẹ̀ jẹ́ gidigidi, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe. Bó ti wà báyìí, ibi ìgbafẹ́ àti ìlúwẹ̀ẹ́ ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbafẹ́, ó dára kí ènìyàn sinmi lábẹ́ igi. Ọgbà tó ń kọ́ni nípa ẹranko ló kú sínú omi ọdún 1980, ohun tí wọ́n jí dìde kì í ṣe òun.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé ó yẹ ká tún máa ti kìnnìún mọ́ àgò rárá? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 sọ pé nǹkan bí 400 kìnnìún ló kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, Kàínjì àti Yankari nìkan ni wọ́n ṣì wà nínú igbó, gbogbo wọn kò sì pé 50. Ọmọ Ifẹ̀ tí kò bá rí i nínú ọgbà kò ní rí i. Síbẹ̀, ìdáhùn mi ni pé kí yunifásítì má tún gba kìnnìún mìíràn títí tí ilé oníyàrá méjì àti òṣìṣẹ́ méjì yóò fi wà nílẹ̀. Bí owó rẹ̀ kò bá sí, ẹran tó sún mọ́ ilé ń bẹ: ìjàpá, ẹtu, òòrẹ̀, ọ̀bọ, odídẹrẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló kún inú ìtàn wa, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá ni kò tíì rí i kó máa rìn. Erin igbó pàápàá, irú èyí tí wọ́n dé ládé ní Láfogído, ṣì kù díẹ̀ nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tó bá igbó Ṣáṣá ti ìhà gúúsù Ifẹ̀ pààlà. A kò ní láti kó wọn wá sí ọgbà. Owó tí a bá fẹ́ ná lórí kìnnìún lè ran àwọn tó ń ṣọ́ wọn níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ béèrè lẹ́nu géètì bóyá ọgbà ẹranko ti ṣí, kó má sì bínú bí wọ́n bá ní kò ì tíì ṣí. Kó lọ sí Ẹnuwá láàárọ̀, kó wọ yunifásítì lọ́sàn-án, kó dúró de àdán. Kó má ju ẹ̀pà sí ẹranko kankan. Kó wá ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, kó kí i, kó béèrè bí iṣẹ́ ṣe rí, nítorí ohun tí ẹni yẹn mọ̀ kò sí lára pátákó kankan.

Fún àwọn aláṣẹ, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nínú owó tí àlejò bá san lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti olùtọ́jú: ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹnìkejì tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, owó adójútòfò fún ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n ra ọ̀dà àti òdòdó. Kí wọ́n sì gbẹ́ orúkọ ọkùnrin tó kú ní oṣù Èrèlé 2024 sára òkúta Ifẹ̀, kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, níbi tí olùkọ́ tó bá kó ọmọ iléèwé wá yóò ti kà á fún wọn kí wọ́n tó wọlé.